Omi Inú Ọkọ̀ Onílé

Bí ẹnikẹ́ni bá gbé omi fún mi, mo máa ń béèrè ibi tí wọ́n ti pọn ọ́n. Ní Èjìgbò níbí, àwọn ọmọ ilé ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí rẹ̀. Bí mo bá ti na ọwọ́ gba ife báyìí, wọ́n á ti fi igbe ta: "Omi ẹ̀rọ ni, màámi! A ti sè é, màámi! A ti sẹ́ ẹ, màámi!" Èmi náà á bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín kọ́ ló máa mú kí n gbé e mì. Mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo ojú omi náà, kí n gbóòórùn rẹ̀, kí n tó wí pé Bìsìmílà.

Kì í ṣe pé mo ń ṣe fáàrí ẹ̀yìn odi, bí àwọn kan ṣe ń wí. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Ẹ̀rù náà ti pẹ́ lára mi, a ti mọ ìwà ara wa, kò sì dí mi lọ́wọ́ iṣẹ́ mọ́. Ibi tí èmi àti òun ti pàdé ni mo fẹ́ sọ.

Ara ni wọ́n bí mi sí. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Sìfáwù, ló kọ́kọ́ lọ sí Kódífúà. Ìyẹn kì í ṣe ohun ìyanu lágbègbè wa. Láti Èjìgbò títí dé Ara àti Ifẹ̀-Ọ̀dàn, ta ni kò ní ẹnì kan ní Abíjàn? Àwọn ọmọdé ń gbọ́ orúkọ Abíjàn kí wọ́n tó gbọ́ ti Ìbàdàn. Nígbà tí ọkọ Sìfáwù fi í sílẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú ọmọbìnrin kan, Mọ̀ríámọ̀, ó ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá, kí a jọ máa ta aṣọ ọmọdé, kí òun lè rí ẹni bá sọ̀rọ̀ nínú yàrá. Mo lọ.

N kò ní sọ ti ọ̀nà. Ọ̀nà kò le tó ohun tó wà níwájú.

Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ní Abíjàn kì í ṣe àwọn ilé gogoro tàbí afárá tó gba orí ọ̀sà kọjá. Omi ni. Ní Ara, bí àlejò bá wọlé, a kì í bi í bóyá òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Wọ́n á bu omi tútù nínú ìkòkò. Ẹni tó bù ú wá yóò kọ́kọ́ tọ́ díẹ̀ wò lójú àlejò, kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀ pé kò sí ohun búburú nínú rẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò kúnlẹ̀ gbé e fún un. Ní Abíjàn, mo tọrọ omi lọ́wọ́ obìnrin kan létí títì. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó sì dárúkọ iye. Nígbà tí mo sanwó, ó na ife sí mi, ó yí ojú sí ẹlòmíràn. Kò tọ́ ọ wò. Mo dúró, mo ń wo omi náà, títí Sìfáwù fi gbá mi léjìká.

"Mu ún jàre. Tó o bá ní kí wọ́n máa bá ọ tọ́ omi wò níbí, òùngbẹ ni yóò gbé ọ lọ."

Wọ́n ń pè wá ní Ànàgó níbẹ̀. "Ànàgó, wá!" "Ànàgó, èló lèyí?" N kò bínú sí i. Ṣùgbọ́n ó ń jọ mí lójú. Nígbà tí mo wà nílé, kò sẹ́ni tó pè mí bẹ́ẹ̀ rí. Ní Ara, ọmọ bàbá mi ni mí. Ní Èjìgbò, ọmọ Ara ni mí. Ó di Abíjàn kí n tó di Ànàgó. Nígbà tí mo sì padà wálé, kí ni wọ́n ń pè mí? Ará Abíjàn. Mo ti wá gbà pé orúkọ tí wọ́n ń pe èèyàn, orúkọ ibi tí kò sí lọ́jọ́ náà ni.

Àgbàlá tí a ń gbé ní Tíréṣífìlì, àdúgbò kan ní Abíjàn, kún fún èèyàn. Ẹ̀rọ omi wà lójúde, ṣùgbọ́n ó máa ń dákẹ́ nígbà tó bá wù ú, nígbà náà ni gbogbo wa á yí sí kànga tó wà láàárín àgbàlá. Òjò ọdún náà pọ̀ jù. Omi òjò wọ inú ṣáláńgá, ti ṣáláńgá wọ inú kànga, a kò sì mọ̀. Bí a ṣe ń pọn ni a ń mu. Onígbáméjì wọlé tọ̀ wá wá. Ó mú mi ní ìrọ̀lẹ́, ó mú Sìfáwù ní àárọ̀ tó tẹ̀ lé e. Wọ́n gbé wa lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n fa omi sí wa lára. Nígbà tí mo lajú dáadáa, mo yí ojú sí ẹní tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi kí n lè bá ẹ̀gbọ́n mi sọ̀rọ̀. Ẹlòmíràn ló wà lórí rẹ̀.

Mọ̀ríámọ̀ kò sí nílé lọ́sẹ̀ yẹn. Ó wà lọ́dọ̀ Ìyá Sààdá, ọmọ Èjìgbò kan tó ń gbé àdúgbò mìíràn, tó mú un lọ kí ó lè bá a dirun kí ó sì bá àwọn ọmọ rẹ̀ ṣeré. Irun dídì ló yọ ọmọ náà. Títí di òní, bí mo bá rí ọmọ tí wọ́n ń dirun fún tó ń sunkún, ọkàn mi máa ń sọ pé, sunkún ṣùgbọ́n jókòó.

Nígbà tí ẹsẹ̀ mi tún lè gbé mi, mo lọ pe ilé. Kò sí tẹlifóònù ní Ara nígbà náà. Alhaji kan ní Èjìgbò ló ní ọ̀kan nínú pálọ̀ rẹ̀. Èèyàn á bẹ ẹni tó ń relé pé kó bá òun sọ fún ìyá òun kó wọkọ̀ wá sí ilé Alhaji lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun. Màámi kò fọkàn tán ohun tí wọ́n ń pè ní fóònù. Ó máa ń pariwo sínú rẹ̀ bí ẹni tó ń pe ènìyàn láti òdì kejì odò.

"Ṣé ìwọ nìyẹn?"

"Èmi ni, màámi. Ẹ kú àráfẹ́rakù."

"A kú àráfẹ́rakù. Ọmọ ńkọ́?"

"Ó wà lọ́dọ̀ mi."

"Ó ń jẹun?"

"Ó ń jẹun, màámi."

"Gbọ́. Ọlọ́run ló fún wa ní Sìfáwù, Òun náà ló gbà á. N kò ní bá Ọlọ́run jà. Ṣùgbọ́n èyí tó kù yẹn, láàyè ni kó o mú un wá fún mi. Ṣé o gbọ́? Mo ní láàyè!"

"Mo gbọ́, màámi."

Láàyè. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára bí ẹrù. Ara mi kò tíì yá tó kí n gbé ọmọ gba ọ̀nà jíjìn, ọjà wa sì ti túká. Mo ní láti kó okun jọ, kí n sì pa ọmọ náà mọ́ títí ọjọ́ yẹn. Láti ọjọ́ náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í se gbogbo omi. Mo ń se èyí tí a ó mu, mo ń se èyí tí a ó fi fọ ẹnu, mo ń se èyí tí Mọ̀ríámọ̀ ó fi ṣàlùwàlá níwájú mi. Àwọn ará àgbàlá ní orí mi ti dàrú. N kò jà wọ́n níyàn.

Ìyá Sààdá ló wá bá mi sọ ti iṣẹ́ kan.

"Tọkọtaya òyìnbó kan wà ní Básámù, létí òkun. Arúgbó ni wọ́n. Wọ́n ń wá ẹni tí yóò máa fọṣọ, tí yóò sì máa ra ẹja fún wọn. Inú mọ́tò ni wọ́n ń gbé."

"Inú mọ́tò kẹ̀?"

"Inú mọ́tò. Níbẹ̀ ni wọ́n ń sùn, níbẹ̀ ni wọ́n ń dáná, níbẹ̀ náà ni wọ́n ń yàgbẹ́."

"Ẹ má pa mí lẹ́rìn-ín, Ìyá Sààdá."

"Bí mo bá purọ́, kí Èjìgbò má gbà mí. Òyìnbó kọ́lé tán, ó wá lọ fi táyà sí i lẹ́sẹ̀. Àwa tí a kò ní rárá ń wá èyí tó lè dúró lójú kan!"

Òótọ́ ló sọ. Ọkọ̀ náà funfun, ó gùn, eruku aṣálẹ̀ ṣì wà ní abẹ́ rẹ̀ nítorí pé aṣálẹ̀ ni wọ́n gbà wá láti ìlú wọn. Kaǹpìn-káà ni wọ́n ń pè é. Èmi àti Mọ̀ríámọ̀ ń pè é ní ọkọ̀ onílé. Wọ́n gbé e sí abẹ́ igi àgbọn, wọ́n sì fún wa ní ahéré kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nínú ọkọ̀ náà, ibùsùn kan wà tó ń di tábìlì lójúmọmọ, ààrò kan wà tó ń lo gáàsì, ẹ̀rọ omi kan sì wà tí kò ju ìka mi lọ. Tánkì ni omi náà ti ń wá. Abẹ́ àga gígùn kan ni tánkì wà, ihò tí wọ́n ń gbà bu omi sí i wà lẹ́yìn ọkọ̀, ó ní ìdérí, ìdérí sì ní kọ́kọ́rọ́. Kọ́kọ́rọ́ yẹn, ọrùn Màdáàmù, òyìnbó obìnrin náà, ló ń gbé.

Èyí yà mí lẹ́nu. Wọn kì í ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ lójú ọ̀sán, ṣùgbọ́n wọ́n ń ti omi.

Bí omi bá ti ń tán, Mùsíọ̀, ọkọ rẹ̀, á wa ọkọ̀ lọ sí ibi ẹ̀rọ láàárín ìlú, á fi rọ́bà gígùn fa omi kún tánkì. Màdáàmù á wá gbé ìgò kan jáde, á máa kán ohun inú rẹ̀ sínú tánkì lọ́kọ̀ọ̀kan, á máa fi ẹnu kà á. Nígbà tí mo rí ìgò náà, ẹsẹ̀ mi dúró. Jafẹ́ẹ̀lì ni. Jafẹ́ẹ̀lì tí mo fi ń fọ aṣọ ibùsùn wọn funfun! Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Ó ti bó mi lọ́wọ́ rí ní Tíréṣífìlì, ọmọ aládùúgbò wa kan sì gbé e mì níbẹ̀, ọ̀nà ọ̀fun ọmọ náà kò padà sípò mọ́. Òun ni arúgbó yìí ń dà sínú omi mímu.

Èdè wo ni n ó fi sọ ọ́? Lọ́jà, èdè Júlà díẹ̀díẹ̀ ni mo gbọ́. Sìfáwù ló ń sọ Faransé fún àwa méjèèjì, Sìfáwù kò sì sí mọ́. Mọ̀ríámọ̀ gbọ́ ọ, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ rán ọmọ kékeré ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sí àgbàlagbà. Mo kàn kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ mu omi inú ọkọ̀.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé Màdáàmù kò yé gbé omi fún mi. Láti àárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́ ló ti bẹ̀rẹ̀. Mo tẹ orúnkún, mo ní, "Bọ̀ǹjúù o." Ó rẹ́rìn-ín, ó wọlé, ó bu omi wá fún mi. Mo ní, "Mẹ̀sí o." Ó wò mí, ó tún wọlé, ó bu òmíràn wá. Mo rò pé bí àwọn ará ìlú rẹ̀ ṣe ń ṣe àlejò nìyẹn. Lójoojúmọ́ ni. Mo kí i, omi. Mo dúpẹ́, omi. Mo ní ó dàárọ̀ o, omi. Kì í tọ́ ọ wò kó tó gbé e fún mi, òórùn Jafẹ́ẹ̀lì a sì máa ti inú ife jáde. Mo ń fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, mo ń rìn kọjá sẹ́yìn ahéré. Igi àgbọn kan níbẹ̀ ló ń mu omi òyìnbó.

Ìyá Sààdá wá kí wa lọ́jọ́ Àìkú kan. Ó jókòó lórí àpótí, ó ń wò wá bí a ṣe ń ṣe é, èmi àti Màdáàmù, mo kí i, ó gbé omi wá, mo dúpẹ́, ó tún gbé e wá. Ni Ìyá Sààdá bá bú sẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ di ikùn.

"Ìwọ obìnrin yìí! Ìwọ lo ń tọrọ ẹ̀!"

"Kí ni mo tọrọ?"

"Omi! 'O' ni wọ́n ń pe omi lédè wọn. O ní, ẹ káàárọ̀, omi. O ní, ẹ ṣeun, omi. O ní, ó dàárọ̀, omi! Ìyá arúgbó á ti máa bi ọkọ rẹ̀ pé irú ràkúnmí wo ni wọ́n gbà síṣẹ́ yìí!"

A rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rẹ́rìn-ín lẹ́yìn ikú ẹ̀gbọ́n mi. Màdáàmù náà ń bá wa rẹ́rìn-ín láìmọ ohun tó ń pa wá lẹ́rìn-ín, ó sì tún bu omi wá fún Ìyá Sààdá, tí òun náà ti ń pariwo "ó mà ṣe o!"

Láti ọjọ́ náà ni mo ti yọ "o" kúrò nínú ìkíni mi. Bọ̀ǹjúù. Mẹ̀sí. Ó rọrùn láti sọ, ṣùgbọ́n kò rọrùn láti gbọ́. Ìkíni tí kò ní "o" nídìí, etí ọmọ Yorùbá ń gbọ́ ọ bí ìgbà tí èèyàn ju nǹkan lu ẹnìkejì. Mo ń kí àgbàlagbà bí ẹni tó ń bá a jà. Ọ̀pọ̀ nǹkan tí èèyàn ń fi sílẹ̀ ní ẹ̀yìn odi, kì í ṣe ohun tí ó tóbi. Kì í ṣe ilé, kì í ṣe ẹ̀sìn. Ó lè jẹ́ ohùn kékeré kan tó wà nídìí ọ̀rọ̀ rẹ, tí o kò mọ̀ pé òun lo fi ń bọ̀wọ̀ fún ènìyàn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni a ṣe ń gbé e. Mo rí ìṣẹ́gun kéékèèké. Mo ná ẹja lọ́wọ́ àwọn apẹja Fàǹtí tó wà létí òkun títí wọ́n fi ń pè mí ní ìyá alágídí. Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń dá tábìlì padà sí ibùsùn láìjẹ́ kí ìka mi há sí i. Mọ̀ríámọ̀ sì ti di ọ̀rẹ́ Màdáàmù, "Màmí" ló ń pè é. Ó sọ fún mi pé Màmí ní omi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán mọ́ àwọn lọ́wọ́ nínú aṣálẹ̀, pé Mùsíọ̀ dákú, pé láti ìgbà náà ni Màmí ti ń sùn pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn. Mo ronú lórí ìyẹn lọ́jọ́ náà bí mo ṣe ń sá aṣọ. Ọ̀rọ̀ omi ń ba àwa méjèèjì lẹ́rù, a sì ń wo ara wa láti ẹ̀gbẹ́ ojú, ìṣísẹ̀ díẹ̀ ló wà láàárín wa.

Síbẹ̀, n kò mu ún. Àánú yàtọ̀, Jafẹ́ẹ̀lì yàtọ̀.

Òjò tún bẹ̀rẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Mọ̀ríámọ̀ bá àwọn ọmọ Fàǹtí ṣeré, ó sì bá wọn mu nínú omi kànga wọn. N kò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ọmọ náà wá dúró lẹ́nu ọ̀nà ahéré, ó ní, "Ikùn ń pariwo." Kí n tó dìde, ó ti yàgbẹ́ sára. Mo wẹ̀ ẹ́. Ó tún yà á. Mo wo ohun tó jáde, omi lásán ni, bí omi tí wọ́n fi ṣan ìrẹsì. Mo ti rí i rí. Ó ti jáde lára èmi fúnra mi.

Kò sí ọkọ̀ tí a lè gbé. Mùsíọ̀ ti tú ẹsẹ̀ iwájú ọkọ̀ onílé, ó gbé e lé orí òkúta, ó sì ti wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Abíjàn láti àárọ̀ lọ wá ohun èlò tó bàjẹ́. Ojú ọ̀nà jìnnà, òjò ń rọ̀. Omi tí mo sè ti tán, ọmọ náà ti mu ún, ó sì ti bì í. Mo da omi mìíràn sórí iná. Igi tútù, èéfín ló ń rú, iná kò mú. Mọ̀ríámọ̀ nà sórí ẹní. Nígbà tí mo fi ìka mú awọ ọwọ́ rẹ̀, kò padà bọ̀ sípò. Ojú rẹ̀ ti wọnú. Ẹnu rẹ̀ gbẹ.

Èmi tí mo ń se omi lójoojúmọ́, èmi ni mo jókòó níwájú ìkòkò tí kò fẹ́ hó. Mo gbọ́ ohùn màámi bí ìgbà tó wà lẹ́nu ọ̀nà: láàyè. Ni mo bá sá jáde sínú òjò, mo káwọ́ lérí. Faransé lọ. Júlà lọ. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni ohun tí màámi ìbá ké.

"Yéè! Ẹ gbà mí o! Ẹ gbà wá o! Ọmọ ń kú lọ o!"

Màdáàmù yọ lójú ọkọ̀. Kò béèrè ohunkóhun. Ó gbọ́ "o, o, o," ó sì ṣe ohun tó máa ń ṣe bó bá ti gbọ́ ọ. Ó wọlé, ó bu omi. Ó ti gbé e débi òjò kó tó rí ojú mi. Nígbà tó rí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, arúgbó náà, omi ń dànù lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó kúnlẹ̀ ti ọmọ náà. Ó wò ó, ó fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀, ó sáré padà, ó sì gbé ṣúgà àti iyọ̀ wá. Ó po wọ́n mọ́ omi náà. Ìyẹn yé mi. Wọ́n máa ń sọ ọ́ nínú rédíò nílé kí n tó lọ, pé bí ìgbẹ́ gbuuru bá mú ọmọ, kí wọ́n po iyọ̀ àti ṣúgà mọ́ omi tó mọ́. Omi tó mọ́ ni wọ́n wí. Ṣé èyí mọ́? Bó ṣe gbé ife náà sún mọ́ ẹnu Mọ̀ríámọ̀ ni òórùn Jafẹ́ẹ̀lì dé imú mi. Ọwọ́ mi ló yára ju èrò mi lọ. Mo dì í mú lọ́rùn ọwọ́.

A wo ara wa. Ó sọ̀rọ̀, n kò gbọ́. Mo sọ̀rọ̀, kò gbọ́. Mọ̀ríámọ̀ tó gbọ́ èdè àwa méjèèjì ti di ojú.

N kò mọ ẹni tó kọ́ mi ní ohun tí mo ṣe, bí kò ṣe ilé wa. Mo gba ife náà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ dáadáa, orúnkún méjèèjì lórí ilẹ̀ tútù, nítorí pé àgbà ni, a kì í sì í pàṣẹ fún àgbà. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé ife náà sókè sí i lẹ́nu. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà. Ẹ tọ́ ọ wò." Yorùbá ni mo fi sọ ọ́.

Ó wò mí. Ó wo ife. Mo rí i nígbà tí ọ̀rọ̀ náà yé e, ojú rẹ̀ yí padà. Mo rò pé yóò bínú, nítorí bí ẹni fẹ̀sùn kàn án ló rí. Kò bínú. Ó gba ife, ó gbé e sẹ́nu, ó mu ún. Kì í ṣe pé ó tọ́ ọ wò. Ó mu ún tán pátá, pẹ̀lú iyọ̀ àti ṣúgà inú rẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu, ó sì la ẹnu kí n rí inú rẹ̀ bí ọmọdé tó gbé oògùn mì.

Lẹ́yìn náà ló bọ́ kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn, ó fi í sí mi lọ́wọ́, ó nawọ́ sí ọkọ̀.

Èmi ni mo bu èkejì. Èmi ni mo po iyọ̀ mọ́ ọn. Mo gbé orí Mọ̀ríámọ̀ lé itan mi, mo wí pé Bìsìmílà lórí rẹ̀, mo sì ń kán an sí i lẹ́nu pẹ̀lú ṣíbí. Ó bì í. Mo dúró díẹ̀, mo tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó ṣe, kò bì í mọ́. Màdáàmù ń po, èmi ń fún un. Òjò dá, ó tún bẹ̀rẹ̀, ó dá. Èéfín ìdáná mi kú fúnra rẹ̀. Láàárín kan, mo ṣàkíyèsí pé ọ̀fun mi gbẹ bí igi, ni mo bá gbé èyí tó kù nínú ife sẹ́nu. Kò dùn. Ó ń rùn bí aṣọ funfun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sá. Mo gbé e mì.

Ní ìrọ̀lẹ́, Mùsíọ̀ dé. Ó padà sójú ọ̀nà láìbọ́ bàtà, ó sì bá wa wá táásì wá. Ní ilé ìwòsàn kékeré tó wà nínú ìlú, wọ́n fa omi sí Mọ̀ríámọ̀ lára. Nọ́ọ̀sì tó gbà wá gbọ́ Júlà, ó bi mí ohun tí ọmọ náà ń mu láti ọ̀sán. Mo sọ fún un. Mo sọ ti Jafẹ́ẹ̀lì pẹ̀lú, mo ń retí kó pariwo. Ó ní, "Ẹ̀kán díẹ̀ nínú tánkì ńlá? Ó dára bẹ́ẹ̀. Bí kì í bá ṣe omi yẹn, kì bá tí dé ibí láàyè." Ó ń kọ nǹkan, kò tilẹ̀ gbójú sókè.

Mo máa ń rò ó. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù lọ ló gba ọmọ náà là. N kò tìtorí ìyẹn sọ pé ẹ̀rù mi jẹ́ òmùgọ̀. Ẹ̀rù náà ló mú kí n máa se omi, ó sì ṣe iṣẹ́ rẹ̀ títí di ọjọ́ tí iná kọ̀ láti mú. Ohun tí mo kọ́ kò ju èyí lọ: ẹni tó wà ní ẹ̀yìn odi kò lè dá nìkan mọ gbogbo ohun tó mọ́ àti èyí tí kò mọ́. Yóò dé ibì kan tí yóò ní láti wo ojú ẹlòmíràn. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó rí ọ̀nà mú Mọ̀ríámọ̀ wálé, ṣùgbọ́n mo mú un wálé. Lọ́jọ́ tí Màdáàmù àti ọkọ rẹ̀ gbé ilé wọn kúrò lábẹ́ àgbọn, ó dì mọ́ mi, mo sì kí i pé ó dàbọ̀ o, tòun ti "o" rẹ̀. N kò yọ ọ́.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé àìsàn yẹn ni kò kúrò lọ́kàn mi. Ìyá Sààdá ti rán ẹnì kan sílé, màámi sì ti gbọ́ pé ara ọmọ kò yá. Mo gbé Mọ̀ríámọ̀ pọ̀n lọ sí ibi tí wọ́n ti ń tẹ fóònù. Ó ṣì fúyẹ́ lẹ́yìn mi. Wọ́n so wá pọ̀ mọ́ ilé Alhaji, màámi ló sì gbé e.

"Má bá mi sọ nǹkan kan," ni ohun tó kọ́kọ́ wí. "N kò fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ. Bó bá wà láàyè, kó sọ̀rọ̀ kí n gbọ́."

Mo sọ ọmọ náà kalẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo gbé fóònù sí etí ọmọ náà. Mo ń gbọ́ ohùn màámi nínú rẹ̀, ó ń pariwo, "Mọ̀ríámọ̀! Mọ̀ríámọ̀ Àbẹ̀kẹ́! Ìyá àgbà ni o!" Mọ̀ríámọ̀ wo fóònù, ó wò mí. Ìtìjú mú un. Ó fi ahọ́n lá ètè rẹ̀, ó sì sọ̀rọ̀ sínú rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ní Faransé, bó ṣe máa ń bá Màmí sọ̀rọ̀.

Mo gba fóònù padà. Èémí màámi ni mo gbọ́.

"Òun nìyẹn?"

"Òun ni, màámi."

"Ohùn Sìfáwù ni. Ohùn ìyá rẹ̀ gan-an ni. Kí ló wí? N kò gbọ́ èdè yẹn."

"Ó ní òùngbẹ ń gbẹ òun."

"Òùngbẹ ń gbẹ ọmọ, o sì dúró síbẹ̀ ò ń bá èmi sọ̀rọ̀? Gbé nǹkan yìí sílẹ̀, kó o lọ fún un lómi!"

Mo gbé e sílẹ̀, mo sì lọ fún un lómi.